Ìsun Omi Abẹ́ Karafáànì

Nígbà náà, n kì í lè sọ̀rọ̀ lójú èèyàn mẹ́ta. Bí wọ́n bá kí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ìwé karùn-ún ni mo kà dé kí bàbá mi tó mú mi wá sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tí mò ń pè ní Àǹtí, pé kí n wá kọ́ṣẹ́ irun.

Inú karafáànì ni Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́, ní àdúgbò Challenge. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe ọ̀nà ló ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, Àǹtí rà á, wọ́n yọ táyà rẹ̀, wọ́n sì gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì mẹ́káníìkì kan. Ilé kékeré funfun ni, ó rí bíi búrẹ́dì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ilé gidi lọ.

Omi pípọn ni iṣẹ́ mi láràárọ̀. Táńkì irin kan wà lókè ní igun kan nínú karafáànì, àfi kí n gun àpótí kí n tó lè da omi sí i. Láti inú táńkì yìí ni páìpù ti gba abẹ́ pákó tí à ń tẹ̀ lọ sí báṣíìnì tí a fi ń fọ irun ní ìkángun kejì. Garawa mẹ́wàá ló ń kún un. Kànga sì wà lẹ́yìn ilé mẹ́ta.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kejì mi, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tán kí oòrùn tó kan àtàrí.

Àǹtí á ní, "Garawa mélòó lo pọn?"

"Mẹ́wàá ni mà."

"Mẹ́wàá, àbí mẹ́fà?"

Ẹnu mi ò gbà mí láti jiyàn. N kàn máa ń wolẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba wá ṣe irun. A ti fi krímù tó ń na irun sí i lórí, ó ti tó kí á fi omi ṣàn án kúrò. Àǹtí ṣí ẹ̀rọ omi báṣíìnì. Ẹ̀rọ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

"Ó ń ta mí o! Ẹ gbà mí, orí mi ń jó!"

Bí obìnrin náà ṣe bẹ́ jáde nìyẹn, pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́rùn, ó gba àárín àwọn mẹ́káníìkì kọjá, ó dorí kọ kànga. Mo sáré tẹ̀ lé e, mò ń fa omi, mò ń da á lé e lórí. Àwọn mẹ́káníìkì ń pariwo pé, "Ẹ pe panápaná!"

Nígbà tí a padà dé, Àǹtí ò pariwo rárá. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Bí omi bá tún tán mọ́ ẹnikẹ́ni lórí, ọ̀dọ̀ bàbá ẹ lo máa padà sí. Ọmọ tí ò lè pọn omi, irun ta ló fẹ́ ṣe?"

N ò fẹ́ padà. Ọwọ́ mi ti ń mọ irun. Mo ti lè fi òwú kó irun kó dúró ṣánṣán.

Ṣùgbọ́n bí ojú mi ṣe ń pọ́n nínú karafáànì, bẹ́ẹ̀ ni ayọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà kan gba ibẹ̀ lọ sí ìjọ aládùúrà. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ náà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àdúrà, ló kọ́kọ́ rí i pé omi ń sun láti abẹ́ karafáànì wa, nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ omi àdúgbò ti gbẹ. Ó kúnlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbẹ́ kòtò kékeré fún omi náà, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ yí i ká. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á bu omi sínú ìgò. Ìyá Àdúrà ní òun fi pa orúnkún, orúnkún sì san.

Èmi náà lọ síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ létí kòtò yẹn, mo bẹ Ọlọ́run pé kí omi táńkì wa má tán mọ́.

Àárọ̀ kùtù ni, n kò tíì pọnmi. Ìsàlẹ̀ kòtò nìkan ló tutù. Nígbà tí mo pọn garawa mẹ́wàá tán, mo tún kọjá níbẹ̀. Kòtò ti kún. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọjọ́ kejì. Mo dúró, mo wo karafáànì lókè, mo wo kòtò nílẹ̀: àbí omi tí mo pọn ni?

Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Bó bá jẹ́ irọ́, mo ti tàbùkù ìsun Ọlọ́run. Bó bá jẹ́ òótọ́, mo ti dójú ti àwọn àgbà. Mo bá rántí búlúù tí a fi ń ṣan aṣọ funfun. Lọ́jọ́ kẹta, mo rún odidi ẹyọ kan sínú táńkì.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ igbe lẹ́yìn.

"Halelúyà! Ẹ wá wò ó! Omi ti gba àwọ̀ ọ̀run!"

Àwọn èèyàn sáré dé. Ìyá Àdúrà ń jó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú bí aró. "Ẹ lọ pe wòlíì! Ẹ pe gbogbo ìjọ!"

Láti inú karafáànì, ohùn Àǹtí náà ń bọ̀: "Ta ló da búlúù sómi mi?"

Mo mọ̀ pé bí wòlíì bá fi dé, n ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Mo la ẹnu.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, búlúù ni. Èmi ni mo dà á sí táńkì. Omi tí mò ń pọn lẹ̀ ń bù."

Ìyá Àdúrà wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo orí mi.

"Láti ọjọ́ yìí wá? Orí kékeré yìí ló ń rù ú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Olúwa mi ò! A ní kó fún wa lómi, ó rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí kànga!"

Ọ̀gá mẹ́káníìkì ní, "Ìyá, orúnkún yín wá ńkọ́?"

"Ó ṣì san! Ṣé ìwọ lo wò ó ni?"

Àǹtí ti sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ kàn mí lọ́rùn. "Mẹ́wàá ni, àbí?"

"Mẹ́wàá ni mà."

Ọ̀gá mẹ́káníìkì gbé jáàkì dé. Ìyá Àdúrà ní kó bọ́ bàtà, pé ilẹ̀ tí a ti gbàdúrà sí ni. Ó bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ò gba abẹ́ karafáànì. Èmi ni mo tẹ́ páálí, mo sì wọlé. Búlọ́ọ̀kù kan ti rì, karafáànì ti tẹ̀, páìpù sì ti fà yọ níbi oríkèé. Ọ̀gá fi jáàkì gbé e, ó ki pákó sábẹ́ búlọ́ọ̀kù. Mo ti páìpù padà, mo fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e. Ọ̀gá ń pariwo, "Dì í le!" Kò mọ̀ pé òwú irun ni mo fi ń dì í lórí rọ́bà náà. Mo kó páìpù yẹn bí ẹni ń kó irun ìyàwó.

Àǹtí da omi. Ó ṣì ń jò! Gbogbo ibẹ̀ tutù, n ò mọ ibi tó ti ń wá. Mo fi táwẹ̀lì nù ún, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé ìròyìn gbígbẹ, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ páìpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àǹtí tún da omi. Àmì tútù kan yọ lórí ìwé, ó ń fẹ̀. Lókè rẹ̀ gan-an, irin ti ha páìpù, ihò náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Mo dì í. Mo tẹ́ ìwé tuntun, mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wò ó.

"Ó gbẹ o!" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pariwo ní Ìbàdàn nìyẹn.

Oníbàárà mẹ́rin la ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a fẹ́ ti ilẹ̀kùn, Àǹtí fi ìka kan táńkì: ó kù ju ìdajì lọ. Ó ní, "Láti ọ̀la, ìwọ lo máa máa fọ irun. Èmi náà á máa pọn márùn-ún."

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ìyá ìjọ kọjá nínú aṣọ funfun wọn. Wọn kò da omi búlúù inú kòtò nù. Wọ́n fi ṣan aṣọ, ó sì funfun débi pé a ò lè tẹjú mọ́ ọn. Ìyá Àdúrà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó yí bírí bí ọmọge.

"Ọmọ olómi, wò mí lẹ́yìn! Ṣó mọ́?"

N ò wolẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Mo ní, "Ó mọ́ kedere, mà."