Àwọ̀ Inú Píà ní Pálọ̀ Màmá Níyì

Kò sí péńtà tó ń fi rólà jẹun ní Ìgàndò tí kò mọ Hàbíbátù Ọláníyan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọdún kọkànlá rèé tó ti ń kunlé, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun po ọ̀dà. Ọ̀dà funfun ni yóò dà sínú ike ńlá, yóò máa kán àwọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, yóò máa fi igi rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀kọ, títí ojú rẹ̀ yóò fi sọ pé ó tó. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa yọ ṣùtì sí i. Nísinsìnyí, àwọn náà ló ń pè é kó wá bá wọn po àwọ̀.

Lóṣù keje, Màmá Níyì ránṣẹ́ sí i. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni màmá yìí, ará Èkìtì, ọgbọ̀n ọdún ló sì fi háyà ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá kó tó kọ́ tirẹ̀. Gbogbo ilé tó gbé, àwọ̀ tó wu láńlọ́ọ̀dù ni wọ́n ń kùn ún. Nígbà tí tirẹ̀ wá dé, ó mọ ohun tó fẹ́: àwọ̀ ewé tó rọ̀, bí inú píà níbi tó ti súnmọ́ èèpo.

Hàbíbátù pò ó, ó kun ògiri kan ní pálọ̀. Màmá wọlé wá wò ó, ojú rẹ̀ fà ro.

“Funfun lèyí jàre! Ewé dà níbẹ̀? Fi àwọ̀ kún un.”

“Màmá, ẹ jẹ́ kó gbẹ ná. Tó bá ṣì tutù, ó máa ń funfun; tó bá gbẹ, á ṣú sí i. Tí mo bá fi kún un báyìí, pálọ̀ yín á di igbó.”

Màmá ò gbà. Tíṣà ni, bó bá ti rí iṣẹ́ ló ti ń wá báírò pupa. Níyì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tún wá bu epo sí iná.

“Mummy, ṣebí mo sọ fún yín pé ká pe ọkùnrin.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Hàbíbátù wọ egungun. Bó bá ṣe bí wọ́n ṣe wí, ìjà parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ pálọ̀ ọ̀hún lẹ́yìn náà, orúkọ Hàbíbátù ni yóò bà jẹ́. Ó dé ike ọ̀dà, ó jókòó lé e.

“Ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́, Màmá. Tí kò bá rí bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ pe ọkùnrin, màá máa lọ.”

Òjò ò bá a ṣe é. Láti aago mọ́kànlá ló ti ń rọ̀, iná ò sí, fáànù ò yí, ògiri kọ̀, kò gbẹ. Hàbíbátù ṣí gbogbo fèrèsé. Ó kírun Àílà, ó kírun Alásárì, ó tún padà sórí ike rẹ̀. Màmá ń yọjú, ó ń pòṣé. Wọ́n ní onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Wọn ò sọ fún wa pé àyà rẹ̀ ń já. Àyà Hàbíbátù já gan-an lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, òjò ti dá. Abẹ́ fèrèsé ló kọ́kọ́ gbẹ, ewé sì yọ níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó gba ibẹ̀ lọ sókè, títí gbogbo ògiri fi gbẹ, ó di inú píà gan-an.

Màmá fọwọ́ kàn án. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu omijé nù.

“Ilé mi nìyí,” ló sọ. Orí Hàbíbátù wú.

“Níyì!”

“Mà?”

“Wá bá ọ̀gá gbé àkàbà wọn wọ yàrá mi.”