Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ tí Reuben Ṣóbọ̀wálé Fi Irọ́ Wá

Reuben Ṣóbọ̀wálé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì, tó sì kọ́lé sí Ìkòsí, kì í gbà kí aládùúgbò kankan ta òun yọ. Bí Felix, onílé tó múlé tì í, bá ra jẹnẹrétọ̀, Reuben a ra èyí tó ń pariwo jù ú lọ.

Nígbà tí ìpá ń dà á láàmú débi pé jíjókòó di ogun, ó lọ sílé ìwòsàn kan ní Kétu. Dókítà Wùmí bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ a máa pẹ́ kó tó dá lára rẹ̀, tàbí ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ní rárá.

"Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ, Daddy. Kò sídìí láti yẹ bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ń dì wò."

Reuben yarí. "Wọ́n yẹ ti Felix aládùúgbò mi wò kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un!"

"Bóyá òun ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ohun tá a bá fẹ́ mọ̀ la fi ń yan àyẹ̀wò, Daddy. A kì í kó o wọ apẹ̀rẹ̀ bí ata ọjà Mile 12."

Ni Reuben bá purọ́ pé nígbà tí wọ́n kọlà abẹ́ fún òun, ẹ̀jẹ̀ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kún korobá.

Ojú dókítà yí padà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kíá ni Reuben fi fóònù ròyìn fún Felix. Àyẹ̀wò ní ẹ̀jẹ̀ ń dì dáadáa, ṣùgbọ́n dókítà ní ìtàn yẹn wúwo ju àyẹ̀wò lọ, nítorí àìsàn ẹ̀jẹ̀ mìíràn a máa sá pamọ́ fún àyẹ̀wò. Iṣẹ́ abẹ di èyí tí wọ́n sún síwájú. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ìpá ń wú sí i. Ọ̀ràn di àfọwọ́fà, Reuben jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa.

"Ẹni tí ìrora bá ká mọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀," ni dókítà wí. "Ẹ mú ẹni tó mọ̀ yín láti kékeré wá."

Ni Damaris, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, bá ti Ìjẹ̀bú dé.

"Ẹ̀jẹ̀ wo? Ẹ wo ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó jìn bí poro oko. Èmi ni mo di orí ẹ̀ mú fún olóòlà, ọjọ́ kan náà ló sì kọ tìsàlẹ̀. Kó tó dákẹ́ ẹkún, ẹ̀jẹ̀ ti dá."

Dókítà fọwọ́ kan ilà náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti ń tì í lọ síbi iṣẹ́ abẹ, Reuben gbórí sókè. "Dókítà, Felix ní wọ́n tún yẹ tòun wò lánàá o."

"Ẹ tètè fún un lábẹ́rẹ́ oorun," ni Damaris wí, "kí n tó wá olóòlà lọ."