Ibi Tí Ìyá Mi Ń Dé Kí Létà Tó Ṣí

Títí di òní olónìí, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá yíyí nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà padà máa ń jẹ́ kí íńtánẹ́ẹ̀tì yá sí i, n kì í mọ èsì tí n ó fọ̀. Mo ti sọ rí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo tiẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà. Mo sì ti sọ rí pé irọ́ gbuu ni, tìbínú-tìbínú. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ẹ̀rí kan náà sì ni: oríkì tí ìyá mi ń ki àbúrò mi obìnrin.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní Ìlọra, ṣùgbọ́n ilé bàbá wa ní Fìdítì ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Ó ku ọdún díẹ̀ kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun wọlé nígbà tí àbúrò mi tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sí wa. Bọ́ọ̀sì ló gbé e dé, wọ́n há a sáàárín àpò gààrí méjì, mo sì rò pé yóò ti fọ́. Àbúrò mi ní kí á yéé kọ létà tí ń sùn lójú ọ̀nà. A ní fóònù nílé, wáyà fóònù yẹn náà ni kọ̀ǹpútà ń lò láti pe ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni létà rẹ̀ ti ń wọlé wá bá wa. Bó bá ti ń pè, á máa han, á máa hó, ajá ilé kejì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Ọ̀sán Sátidé ni a máa ń pè. Aládùúrà ni ìyá mi. Á fi gèlè funfun wé orí bí ẹni ń lọ sí ìsìn, á gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á sì jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ìlà búlúù kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fà díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ó bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní àbúrò mi ló ń bọ̀ yẹn. Ó ní, "Ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, a kì í panu mọ́ dè é." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, bó ṣe máa ń kì í láràárọ̀ nígbà tí àbúrò mi ṣì wà nílé, tó bá kúnlẹ̀ kí i.

"Ọmọ a-kọbè-kílẹ̀-ó-tó-mọ́. Ọmọ oníṣu tó fi ti àlejò sílẹ̀ nínú abà."

Láti abà, á lọ sí odò: "Ọmọ ẹni tó dódò tí odò dákẹ́, ó kọjá tán kí odò tó sọ̀rọ̀." Láti odò ni yóò ti wá bọ́ sọ́dọ̀ aláró, ìyẹn ìyá tó bí òun gan-an. Apá ti aláró yìí ló gùn jù, òun ló sì dùn jù. Ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ níbẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Bó bá ti ki aláró tán ni létà ń ṣí. Aago wà lọ́rùn ọwọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ní í wo aago nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń ki ọmọ? Ibi tí ìyá mi bá dé ni aago mi.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé fóònù wa kì í fara da ìjókòó pípẹ́. Nígbà mìíràn, ìyá mi á wà lódò, láìnì á já, létà á sì pòórá. Àbúrò mi lóyún lásìkò yẹn, àkọ́bí rẹ̀ sì ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kan lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Sátidé tí létà kò bá ti wọlé, ìyá mi kò ní í fẹ́ jẹun, ojú rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé mi káàkiri ilé bí ẹni pé èmi ni mo fi ọmọ rẹ̀ pa mọ́. Mo fẹ́ kí létà yára dé kí láìnì tó já. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ni mo bá lọ mú géńdé kan wá, ará Ìbàdàn tó máa ń wá tún kọ̀ǹpútà ṣe fáwọn èèyàn ní Jọbẹlẹ. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ń falẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá mi á ki gbogbo oríkì wa tán kó tó ṣí."

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ibì kan nínú kọ̀ǹpútà tí n kò dé rí, ó fi nọ́ńbà kan hàn mí, èyí tó ń sọ bí ẹrù tí láìnì ń gbé lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó, ó ní àwọn tí láìnì wọn dára ni wọ́n to nọ́ńbà náà fún, pé ẹrù ti pọ̀ jù fún ti Fìdítì. "Ẹ ò lè di ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lé ewúrẹ́." Ó dín in kù, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó wá kọjú sí ìyá mi. "Ó yá, Ìyá, ẹ ki ọmọ yín ká gbọ́."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ebè, ó dé abà, ó dúró díẹ̀, ó wúkọ́, ó gbójú sókè wo àjà, ó tún padà síbi ebè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kan odò ni létà ṣí pàà!

"Odò!" Mo pariwo. "Odò ló ṣì wà!"

Géńdé náà gbá itan. Mo fún un ní iṣu lé owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní Ìlọra, n kò jẹ́ kí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi gbádùn mọ́. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà pàápàá, mo ṣàlàyé nọ́ńbà fún un.

Ayọ̀ yẹn kò tọ́jọ́. Sátidé kan dé, ìyá mi kì í tán, ó ní "Àmín," ó sì kó ọwọ́ lé itan. Ìlà búlúù kò tíì dé ìdajì. A jókòó, à ń wo ara wa. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ta kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan níléèwé yá mi ní ìwé ìròyìn kan. Ìyẹn ní ńṣe ni kí á fi kún nọ́ńbà náà, pé ẹni tó bá dín in kù ò mọ nǹkan kan. Mo fi kún un. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, létà ṣí nígbà tí ìyá mi ṣì wà nínú abà. Mo dúpẹ́. Sátidé tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìyá mi parí, a tún jókòó gẹlẹtẹ. Mo dín in kù, mo fi kún un, mo dá a padà. Ó tojú sú mi. Ohun tó bá yá lónìí, òun náà ló máa falẹ̀ lọ́la, orí mi sì dàrú bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ tó sùn nínú ìṣirò.

Ìyá mi kò bínú ní tirẹ̀. Ó kàn ń bi mí bóyá mo ti jẹun ni. Mo ní mo ti jẹun. Bí a bá dìde, á tún bi mí. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé bí ìyá ṣe ń ṣe nìyẹn.

Àbúrò mi bímọ, ó bí obìnrin. Ọjọ́ tí létà yẹn wọlé, ìyá mi jó yí àpótí rẹ̀ ká, gèlè rẹ̀ já bọ́, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Nísàlẹ̀ létà náà ni àbúrò mi kọ ọ́ sí pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ oríkì wa látòkè délẹ̀, kí n lè máa ki ọmọ mi láràárọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo rántí. N kò mọ̀ pé n ó nílò ìyókù."

Mo ní kí ìyá mi máa kì í, kí n máa tẹ̀ ẹ́. Ó kọ ebè. Ó dé abà. Ó kó ọwọ́ lé itan.

"Ó tán," ló wí.

"Ìyá, odò ńkọ́?"

"Odò wo?"

"Odò tó dákẹ́."

Ó wò mí bí a ṣe ń wo àlejò tó ṣi ilé yà. "Kò sí odò nínú tiwa."

"Aláró náà ńkọ́?"

Ojú rẹ̀ là. "Ìyá mi ni! Aró ló ń rẹ." Mo dúró de ìyókù. Ìyókù kò wá.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Ọjọ́ tí mo ń pariwo odò, ńṣe ni ìyá mi ń rìn yí abà ká, tó ń wá ọ̀nà. Àwọn ọjọ́ tí mo sọ pé kọ̀ǹpútà falẹ̀, òun ló ti sọ odò àti aláró nù, tó yára dé òpin. Nọ́ńbà ni mò ń yí, ohun tó ń yí padà wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbí nọ́ńbà náà ṣe tirẹ̀ lára? N kò mọ̀. N kò tíì mọ̀ ọ́n dòní.

Kò sí ẹlòmíràn tí n bá bi léèrè. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ti lọ tán. Mo mú bírò, mo ní kí n kọ èyí tí mo rántí fúnra mi. Abà ni èmi náà dé. Mo gbé bírò sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí mo pe Ìbàdàn láti fi létà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò mi, bí ìlà búlúù létà tirẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀. Ebè. Abà. Ìlà kọjá ìdajì, mo gbọ́ tí mo ń sọ pé, "Ọmọ ẹni tó dódò tí odò dákẹ́." N kò fi etí nìkan gbọ́ oríkì yẹn rí. Ojú mi wà lára ìlà yẹn nígbà gbogbo, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà so mọ́. Mo ń dúró de aláró nìyẹn, àfi tí létà ṣí. Ìlà pòórá, ọ̀rọ̀ bá a lọ.

Mo ránṣẹ́ pe géńdé ará Ìbàdàn. Mo ní, "Bá mi dá a padà sí bó ṣe wà kí o tó fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀gbọ́n, á falẹ̀ o."

"Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Tí o bá mọ ohun tó lè mú kó falẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣe é."

Ó wo ìyá mi bí ẹni ń bèèrè bóyá ara mi yá. Ó ṣe é, ó sì lọ. Bóyá ó falẹ̀ lóòótọ́, n kò lè búra. Mo kàn mọ̀ pé mò ń gbàdúrà kó falẹ̀ ni, èmi tí mo ti ń ṣépè fún un tẹ́lẹ̀ pé kò yára.

Mo pe Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà han, ajá gbó. Ìyá mi ti wé gèlè, ó ti jókòó. Mo kọ ebè, mo kúrò ní abà, mo la odò kọjá. "Ọmọ aláró," mo ní, "ọmọ aláró tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú, tí..."

Létà ṣí.

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. "Ó mà dùn o," ló wí. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Èmi kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Tún un kì, kí n gbọ́ ibi tó parí sí."

Mo já láìnì, mo sì tún pe Ìbàdàn.