Bí mo ṣe dán ojú aago afẹ́fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí nígbà tí mo ń tún aago ọwọ́ ṣe ní Èjìgbò, láyé ìgbà tí òmìnira ṣì tuntun. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, àyà mi ṣì ń já!

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Sùlé, ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àbíjàǹ. Iṣẹ́ wo? Abẹ́ omi ló ń wọ̀, tó ń yẹ ìdí ọkọ̀ ojú omi wò. Ó máa ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, aago kékeré kan ló sì ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù fún un. Ojú aago yẹn ti ha kọjá sísọ. Nígbà tó wálé ọdún Iléyá, ó ní kí n bá òun dán an.

Ṣé èmi aláago á wá sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n ni?

Ilé ni mo ti ṣe é. Ike lojú rẹ̀, kì í ṣe dígí, nítorí náà mo fi ọṣẹ ìfọyín àti àkísà rírọ̀ ra á títí tó fi mọ́ lóló.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí eruku díẹ̀ nínú rẹ̀, mo bá ṣí i. Bí ọwọ́ aago ṣe yọ nìyẹn! Àwa aláago, tí a bá ń dá ọwọ́ aago padà, orí méjìlá la máa ń fi í sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe, mo nà án sókè gan-an. Mo dé e, mo fi aṣọ funfun dì í, mo gbé e fún bọ̀dá. Àdúrà tó gbà fún mi kò lóǹkà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń padà, kò pẹ́ tí lọ́rì tó wọ̀ gbéra, mo ń wo Ràfíù mẹkáníìkì ní òdìkejì títì bó ṣe ń fi aago wọn afẹ́fẹ́ táyà. Bó ṣe yọ ọ́ lẹ́nu táyà, ọwọ́ aago náà já wálẹ̀ sórí òdo.

Òdo! Tèmi ńkọ́? Òkè gan-an tí mo nà án sí, ìdajì ló wà lójú aago tirẹ̀! Tí afẹ́fẹ́ bá tán pátápátá, aago á ṣì máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ìdajì kù!

Mo sáré kọjá títì lọ sọ ọ́ fún Ràfíù. Ràfíù ní kí n gbé alùpùpù òun. Mo forí lé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, níbi tí lọ́rì máa ń dúró di gàrí, mo ń pe Ọlọ́run lójú ọ̀nà. Tí wọ́n bá ti kọjá ńkọ́? Ta ni mo mọ̀ ní Àbíjàǹ tí mo lè ránṣẹ́ sí?

Mo bá wọn! Wọ́n ṣì ń di ẹrù. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, mo jẹ́wọ́. Bọ̀dá tú aṣọ náà, ó wo aago yẹn.

Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa wọ omi. Ìdajì yẹn gan-an ni mo máa ń dúró dè kí n tó máa gòkè bọ̀.”

Mo bú sẹ́kún lójú gbogbo èrò ọkọ̀. Bọ̀dá ló fà mí dìde, ó fi Faransé àwọn ará Àbíjàǹ sọ pé, “Ça va, kò séwu, àbúrò mi.” Ó ṣèlérí pé aago náà á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kó tó kan omi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kan má ṣe gbéraga sí òmíràn. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ní kí n dán, ta ló ní kí n ṣí i?

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ṣoore rí fún ẹni tó fẹ́ràn, tó kù díẹ̀ kí oore náà pa á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín, kí n má baà máa rò pé èmi nìkan ni.