Obìnrin Tó Ṣílẹ̀kùn Ilé Aró ní Skardal

Èjìká ló lé Torbjørg Haugland kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ran òwú nílé iṣẹ́ Skardal, ní ìwọ̀-oòrùn Norway, títí apá ọ̀tún rẹ̀ fi kọ̀ tí kò gbéra kọjá àyà mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Àpótí Ẹ̀sùn. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé kò sí lẹ́tà tí kì í kà lẹ́ẹ̀mejì kó tó fèsì, àti pé ó mọ orúkọ àwọn tó ń kọ̀wé, ó mọ ẹni tí wọ́n ń hunṣọ fún, ó tiẹ̀ mọ èyí tí ojú ń dùn nínú wọn.

Nínú oṣù Èrèlé, lẹ́tà kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Oddny Myklebost, obìnrin kan tó ń gbé ní erékùṣù lókè àríwá. Ó fi àwòrán súẹ́tà kan sí i. Àwọ̀ aró ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ apá òsì dúdú bí omi òkun, apá ọ̀tún sì dà bí aṣọ tí oòrùn ti pa. “Àbúrò mi ọkùnrin ni mò ń hun ún fún,” ló kọ. “Ó máa pé àádọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.”

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ keje nìyẹn láti ìgbà Kérésìmesì. Torbjørg tẹ àwòrán náà jáde, ó sì gbọ̀nà ilé aró lọ.

Arnfinn Sæterås ni aláró. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà nídìí ìkòkò, kò sì sẹ́ni tó ń wọlé tọ̀ ọ́ láì kanlẹ̀kùn.

“Ṣé aró rẹ nìyí?” ni Torbjørg bi í.

Ó wò ó díẹ̀. “Aró mi ni. Ìkòkò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwọ̀ wọn kì í sì í dọ́gba. Ẹni tí ò bá fọ́jú á rí i. Lọ bi Gudveig bó ṣe dà wọ́n pọ̀.”

Gudveig Nordbø ló ń ṣe olórí àwọn tó ń di òwú lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bó ṣe rí àwòrán náà, ó ti mọ ẹni tó rán Torbjørg.

“Ọba Aláró tún ti dájọ́, àbí? Sọ fún un pé ohun tó bá gbé wá la ń dì. Tó bá fẹ́ ká mọ ìkòkò tó ti wá, kó kọ ọ́ síbi téèyàn á ti rí i kà.”

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí Arnfinn àti Gudveig ò ti jẹun lórí tábìlì kan náà. Tí wọ́n bá lọ́rọ̀ láti sọ, wọ́n á kọ ọ́ sórí pátákó tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn. Torbjørg padà sí yàrá rẹ̀, ó jókòó ti lẹ́tà Oddny, kò rí ohun tó máa kọ tí kò ní jẹ́ irọ́.

Ọjọ́ kejì ló tọ ọ̀gá lọ. Eirik Losna lorúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló fi ilé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Torbjørg ní òun fẹ́ dá búlọ́ọ̀gì sílẹ̀ fáwọn oníbàárà.

“Ó dáa,” ni Eirik wí. “Kọ nípa àgùntàn. Àwọn èèyàn fẹ́ràn àgùntàn.”

“Oddny ò béèrè àgùntàn lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kọ nípa àwa tá à ń ṣiṣẹ́ níbí, kí n sì sọ ohun tó ṣe aró wa.”

“Ká wá fẹnu ara wa sọ ọ́ pé a ti bà á jẹ́?”

“Wọ́n ti mọ̀, Eirik. Àwọn ló ń hun ún.”

Ọ̀gá gbà. Ó ní kó kọ ọ́, àmọ́ òun máa kọ́kọ́ kà á.

Torbjørg pinnu láti tẹ̀ lé ìdì òwú kan ṣoṣo láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó kan kí òwú kúrò nílé aró, ó ní kí Arnfinn bá òun gbé e, torí èjìká òun. Òótọ́ ni, èjìká náà ń dùn ún. Ó sì tún mọ̀ pé ọkùnrin náà ò ní gun òkè bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Arnfinn so páálí kékeré mọ́ òwú tútù náà, ó fi yíǹkì kọ nọ́ńbà ìkòkò sí i. Wọ́n gbé e gba yàrá gbígbóná tí òwú ti ń gbẹ. Nígbà tó fi máa dé iwájú Gudveig lọ́sàn-án, páálí ti ká kò, omi àti ooru ti pa yíǹkì náà rẹ́, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.

Gudveig yí sí tábìlì rẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ kan jáde. Páálí kún inú rẹ̀ dẹ́nu, gbogbo wọn ló ṣófo.

“Gbogbo lẹ́tà tó o ti kọ sí mi nìyí,” ló wí.

Arnfinn mú ọ̀kan, ó yí i síwá sẹ́yìn. “Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Mo kọ ọ́ sórí pátákó lẹ́ẹ̀mẹta. O ní kí n lọ wá awò ojú.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀,” ni Arnfinn wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọlẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó.

Gudveig ló mú àbá wá pé kí wọ́n fi okùn rọ́pò páálí: ìkòkò kẹta, kí wọ́n ta kókó mẹ́ta sára okùn. Arnfinn ní tó bá di ogún ńkọ́, ta ló máa ka kókó ogún? Wọ́n jiyàn lé e lórí títí oúnjẹ ọ̀sán fi dé, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì lórí tábìlì ìdìwú, wọ́n sì fẹnu kò pé okùn pupa kan á dúró fún mẹ́wàá. Torbjørg ò dá sí i. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Àkọlé ohun tó kọ́kọ́ kọ sórí búlọ́ọ̀gì ni “Ìdí Tí Apá Súẹ́tà Oddny Fi Yàtọ̀ Síra.” Ó ti tọrọ àyè lọ́wọ́ Oddny, ó sì ti ka gbogbo rẹ̀ sétí Arnfinn àti Gudveig. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí: páálí, yàrá gbígbóná, ọdún mẹ́rin táwọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Eirik kà á, ó jáde lọ yí ilé iṣẹ́ po, ó sì padà wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yọ. Torbjørg kọ “àṣìṣe kékeré”. Ọ̀gá ní kó yọ “kékeré” kúrò. Ọjọ́ yẹn ni Torbjørg bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un tọkàntọkàn.

Kó tó di ọjọ́ Ajé, èèyàn tó lé ní igba ti fèsì. Àwọn kan bú wọn. Ọ̀pọ̀ béèrè ìbéèrè. Arnfinn yọjú sí yàrá kékeré náà bí ẹni tó ṣìnà.

“Kí ni wọ́n ń wí?”

Torbjørg ka ti ọkùnrin kan tó ní omi gbígbóná ló dáa jù láti fọ òwú aláró.

“Irọ́ ló ń pa. Kọ ọ́ sí i bẹ́ẹ̀.”

“Mi ò lè kọ ‘irọ́ lò ń pa’ sí oníbàárà, Arnfinn.”

“Kọ ọ́ pé ó ṣì í sọ, nígbà náà. Omi tútù ni. Kó má sì fún un.”

Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló ń wá, á máa sọ̀rọ̀, Torbjørg á máa tẹ̀ ẹ́. Gudveig náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ó ní òun wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ni. Wọ́n fi òwú tuntun ránṣẹ́ sí Oddny láti inú ìkòkò kan ṣoṣo. Ó tú apá ọ̀tún, ó tún un hun, ó sì parí rẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí àbúrò rẹ̀ ṣe ọjọ́ ìbí. Lẹ́tà nípa àwọ̀ tí kò dọ́gba dín kù títí kò fi wá mọ́. Pátákó ẹnu àtẹ̀gùn, orúkọ ẹni tó máa se kọfí ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ báyìí.

Torbjørg fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Gudveig ló ń kọ búlọ́ọ̀gì náà, Arnfinn sì ń bá a jiyàn lórí gbogbo ìlà.