Ilé Ẹja Tí Èmi àti Ọ̀rẹ́ Mi Kọ́

Òórùn ẹrẹ̀ etí ọ̀sà ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn láàárọ̀, ló máa ń gbé mi padà sí ìgbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń pẹja nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá béèrè láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n á sọ fún yín pé mo mọ omi. Ó kéré tán, ohun tí èmi máa ń sọ fún wọn nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, a máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà, ká tò ó yíká, kí ẹja fi ṣe ilé. Bó bá pẹ́ díẹ̀, a ó fi àwọ̀n yí i ká, a ó fa igi yọ, ẹja ò ní ríbi sá gbà. Ọ̀nà jíjìn làwọn tó kù ti ń gé ẹ̀ka tiwọn wá. Èmi ní kí la fẹ́ rìn jìnnà fún? Ẹ̀gbà, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń dúró nínú omi bí ẹsẹ̀ akàn, kún etí omi wa. Ọ̀rẹ́ mi ń ṣiyèméjì, mo pè é lójo. A gé e láìku ẹyọ kan.

Ìkórè àkọ́kọ́, ọkọ̀ fẹ́ẹ̀ rì. Mo pariwo ara mi dé Benson ní Ìkòròdú. Lọ́dún kejì, ẹja ọ̀bọ̀kún tá a rí ò kún agbọ̀n kan. Kò yé mi. Ilé ṣì wà, onílé ti lọ. Nígbà tí mo rí ọ̀rẹ́ mi ní Ìpakodo pẹ̀lú agbọ̀n ọ̀bọ̀kún, mo pè é lólè lójú ọjà. Ó ní òun rà á lọ́wọ́ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ni, torí ìyàwó òun ò rí ẹja yan tà. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó wọn àwọ̀n tá a jọ hun, ó fi ọ̀bẹ gé e sí méjì géérégé, ó fi ìlàjì sílẹ̀ fún mi, ó kó lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Mo wá ń ṣọ́ ilé ẹja náà fúnra mi tọ̀sántòru. Ẹnikẹ́ni ò sún mọ́ ọn. Nígbà tí mo fa igi yọ, èpìyà mélòó kan tí ò ju ìka lọ ni mo bá.

Bàbá ìyàwó mi, apẹja àtijọ́, wá kí wa. Kò tiẹ̀ wo ilé ẹja. Etí omi tó ṣófo ló ń wò.

“Àna mi, o kọ́ pálọ̀ fún ẹja, o wá wó yàrá tí wọ́n ń bímọ sí.”

Ó ní abẹ́ gbòǹgbò ẹ̀gbà lọmọ ẹja ń sá sí kó tó dàgbà. Mo ní ẹja tó bá fẹ́ bímọ á bímọ níbi tó wù ú.

“Ìyàwó tìẹ ńkọ́, ṣé àárín títì ló bímọ sí?”

Àwọn àgbà ní ẹni tí kò gbédè ẹ̀gà ní ń sọ pé ẹ̀gà ń pàtótó. Èmi ni wọ́n ń bá wí. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi ní Ẹ̀pẹ́. Ó bu omi fún mi mu.

“Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ká tún jọ wọ ọkọ̀ kan náà, rárá.”

Mo ti gbin ẹ̀gbà padà; kò sẹ́ni tó gbìn ín tó tèmi. Ó ti dé ìbàdí mi. Akàn ti padà, edé ń yọjú, ọ̀bọ̀kún kọ̀. Àwọn kan ní ọkọ̀ tó ń fa yanrìn lábẹ́ omi ló lé e lọ, àwọn kan ní iyọ̀ inú omi ló yí padà, bàbá ìyàwó mi ní kí n ṣe sùúrù. Orí mi ń dàrú. Bí mo bá jókòó sétí omi, ìyàwó mi á bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo máa ń sọ pé ẹja ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ tó bá yọ lápá Ẹ̀pẹ́ ni mo ń dìde wò, títí yóò fi kọjá.