Ọpẹ́ Tó Ṣáájú Ìwòsàn

Gáàdì rélùwéè ni ọkọ mi nígbà tí a wà ní Enúgu. Òun ló máa ń wà nínú wágọ́ọ̀nù ìdí pátápátá, lẹ́yìn gbogbo àwọn yòókù tó kó èédú bọ̀ láti ibi ìwakùsà Iva Valley. Yóò máa na àsíá, yóò máa fọn fèrè, yóò bọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá dúró, yóò sì tún fò gòkè bó bá ti ń rọra gbéra. Fífò yẹn ló ṣe é. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí irin, ó fi egungun ìbàdí ṣubú lulẹ̀, wọ́n sì gbé e wálé fún mi lórí pákó. N kò fẹ́ràn kí n máa rántí ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Ó dìde lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún kò bá tòsì dọ́gba mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ó ní kó má gun ọkọ̀ mọ́, kó máa jókòó ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ẹrù èrò. Ọ̀pá ló fi ń lọ, ọ̀pá ló fi ń bọ̀, a sì ń jẹun. Ilé ìjọba là ń gbé lẹ́bàá ojú irin, kò sẹ́ni tó lé wa. Mo ń ránṣọ fún àwọn aládùúgbò. Àwọn ọmọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́, wọ́n ń bá ara wọn sọ Pidgin káàkiri àgbàlá, bí mo bá fi Yorùbá pè wọ́n, wọ́n á ní, "Mama, wetin?" Kò burú. Mo rò pé bí yóò ṣe máa rí nìyẹn títí a ó fi padà sí Ọ̀fà.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo wọlé, tí àwọn tó ń jẹ èédú ń kógbá sílé, ni ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jà pé wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Wọn ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lára àwọn tó ń gun ọkọ̀ o. Àwọn tó ń jókòó ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mú. Akọ̀wé àgbà kan, ọmọ Ìbàdàn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ńlá, ló wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé wá ṣàlàyé fún wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́," ó ní fún ọkọ mi. "Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti bàjẹ́ sẹ́nu iṣẹ́, yóò lọ síwájú dókítà ìjọba. Bí dókítà bá fọwọ́ sí i pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á jẹ́ kó fẹ̀yìn tì, á sì máa gba pẹ́ńṣàn lóṣooṣù títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ẹni tí dókítà bá ní ara rẹ̀ le, á padà sídìí iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á níjọ́ kìíní. Bó bá kọ̀, wọ́n á ní òun ló fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní í rí nǹkan kan gbà."

Mo ní, "Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á ni orí ọkọ̀ èédú?"

"Òun náà ni, Màmá." Ó tún yíjú sí ọkọ mi. "Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bó ṣe rí. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé."

Ọkọ mi ní òun gbọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo gbé oúnjẹ fún àlejò, ó jẹ, ó yó. Mo wò ó pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ta ló máa wo ìbàdí yẹn tí yóò ní ó pé?

Ọ̀rọ̀ ìjọ wa ló kàn báyìí, n kò sì ní fi ẹnu dídùn sọ ọ́. Àwa Yorùbá kan máa ń pàdé ní yàrá ilé ẹ̀kọ́ fún ìsìn ọjọ́ Àìkú, nítorí a fẹ́ fi èdè wa gbàdúrà. Àṣà kan wà níbẹ̀. Bí o bá ń retí nǹkan lọ́dọ̀ Ọlọ́run, wàá kọ́kọ́ mú ọpẹ́ wá, bí ẹni pé ó ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àgàn á pọn ọmọlángidi, á jó wá síwájú. Ẹni tó ń wáṣẹ́ á wọ kóòtù wá. Mo ti rí i tó ṣẹ fún àwọn kan, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúpẹ́ kò gbọdọ̀ fẹnu ara rẹ̀ tú u mọ́. Bó bá ní òun ṣì ń ṣàìsàn, ó ti sọ Ọlọ́run di òpùrọ́ lójú gbogbo ìjọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un lọ́dọ̀ dókítà, bàbá ìjọ ní kí ọkọ mi jáde síwájú. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbàdúrà kí pẹ́ńṣàn bọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Àfi bí bàbá ìjọ ṣe béèrè pé kí la fẹ́ dúpẹ́ fún, tí gbogbo ilé sì dáhùn pé ìwòsàn. Ọkọ mi wò mí. Mo mirí fún un pé rárá, ṣùgbọ́n orin ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Ó fi ọ̀pá ti ògiri, ó jó. Ọkùnrin tí mò ń bá di okùn bàtà láràárọ̀ jó yí tábìlì àlùfáà ká. Òógùn bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì rẹwà lójú mi. Mo sunkún. Wọ́n rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà kò mú ọ̀pá mọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀pá lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"Mo ti dúpẹ́."

"Ọlọ́run fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó ń dùn yín."

"Ó mọ̀. Ẹnu mi kọ́ ló máa sọ ọ́ jáde."

Mo bi í pé ṣé ọpẹ́ ló fẹ́ kí àwọn ọmọ máa jẹ. Ó bínú, kò jẹun alẹ́. Èmi bínú jù ú lọ, mo jẹ tèmi, mo jẹ tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ pé, a jọ lọ sí ọsibítù. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi láti ẹnu ọ̀nà ilé, ó fi ara tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí èjìká ọ̀hún fi ń ro mí. Bí a ṣe dé ẹnu géètì, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní kí n jókòó síta. Aṣọ ìkélé lásán ló wà láàárín èmi àti wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún tọjọ́ náà.

Dókítà òyìnbó bi í pé báwo ni ìbàdí. Ọkọ mi ní, "Fine, sir. We thank God." Ó bi í bóyá ó máa ń ro ó bó bá sùn. Ó ní rárá. Irọ́ gbuu! Èmi tí mò ń fi aṣọ gbígbóná jó o lálaalẹ́ ń kọ́? Dókítà náà kì í ṣe èèyàn burúkú, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi ràn án lọ́wọ́. Ó ní òun mọ̀ pé ó ti ṣubú rí, kó fara balẹ̀, kó rò ó dáadáa, ṣé kò síbi tó ń dùn ún rárá? Ọkọ mi ní Ọlọ́run ti wo òun sàn. Dókítà ní kó rìn kí òun rí i. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó ń dún dọ́gbadọ́gba. N kò mọ bó ṣe ṣe é títí dòní.

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ká aṣọ ìkélé sókè, mo wọlé. Mo ní, "Doctor, abeg, no mind am. E dey pain am well well."

Ọkọ mi ò bú mi. Ó rọra rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé fún dókítà pé ìyàwó òun ni, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń bà á. Dókítà wo èmi, ó wo òun. Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, níwájú mi, pé ta ni kí òun gbà gbọ́. Ọkọ mi ní kó gba òun gbọ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ", àwọn àgbà ti sọ ọ́. Dókítà ò lè kọ àìsàn fún ẹni tó ní ara òun le, ó sì fọwọ́ sí i pé ara rẹ̀ le. Bí a ṣe jáde ní géètì, ó gbé ọwọ́ padà lé èjìká mi títí a fi délé.

Wọ́n pa ọ́fíìsì ẹrù dé, wọ́n dá ọkọ mi padà sórí ọkọ̀ èédú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù fẹ́ràn rẹ̀, Ìgbò ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn ni wọ́n ń gbé e gòkè tí ọ̀gá ò bá wò. Ìyẹn ò tọ́jọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ gbéra, ó nàgà, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o, ọkọ̀ kó èédú lọ láìní gáàdì. Nígbà tí ọ̀gá pè é pé kó wá wí tẹnu rẹ̀, ó ní òun ò ní àlàyé. Akọ̀wé ọmọ Ìbàdàn yẹn bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ pé ìbàdí ni, bóyá wọ́n á tún gbé e lọ fún dókítà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n má baà lé e. Wọ́n sì gba ilé wọn.

A lọ gba yàrá kan ní Awkunanaw. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́nu ọ̀nà, òun la fi ń jẹun. Bàbá ìjọ wá kí wa lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ fún un pé ọkọ mi ń sùn, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi ń gbọ́ wa láti inú ilé. Inú ọkùnrin yẹn ń bí mi títí dòní, Ọlọ́run ló lè bá mi mú un kúrò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń fi òrí ra ìbàdí fún ọkọ mi bí mo ti máa ń ṣe. Kò tíì ráhùn sí mi létí rí nípa ẹsẹ̀ yẹn, àní lọ́jọ́ tó ṣubú gan-an. Ó ní, "Ó ń dùn mí."

Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, màá rọra ṣe é. Ó ní kì í ṣe ọwọ́ mi, kí n jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, ó sọ ọ́ dé orúnkún. Ó sọ ẹ̀gbẹ́ tí kò lè fi sùn. Ó sọ bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jó, àti bó ṣe rí nígbà tó ń rìn fún dókítà. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Mo jókòó, òrí wà lọ́wọ́ mi, mo gbọ́ ọ títí ó fi sọ ọ́ tán, èmi tí n kò lè fún un ní pẹ́ńṣàn.